Ta Ló Ń San Owó Bọ́ọ̀lù? Ìyípadà Akọ́nimọ̀ọ́gbá àti Ìṣúná Ikọ̀ Ọkùnrin ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, àti ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ ń kó ọmọ kiri pápá lópin ọ̀sẹ̀. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà bá ń wá ọmọ, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí ni pé, "Ta ni kóòṣì wọn?" Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, ìbéèrè kan ṣáájú rẹ̀: ta ló ń san owó ikọ̀ náà, ọ̀nà wo ló sì ń gbà san án? Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ọmọ yín fẹ́ràn lónìí lè gba iṣẹ́ síbòmíràn lóṣù Kejìlá. Owó tó wà nílẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ lè ṣe.

Kí ohùn wa lè ṣọ̀kan: àwọn yunifásítì ńlá tí tẹlifíṣọ̀n ń lé kiri kọ́ là ń sọ. Ìpele Kejì àti Ìpele Kẹta ti NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, là ń sọ, pẹ̀lú NAIA tó jẹ́ àjọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Ìpele Kejì, ikọ̀ bọ́ọ̀lù ọkùnrin kan ò gbọ́dọ̀ ná ju iye tó tó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kíkún 9 lọ. Ti NAIA jẹ́ 12. Ìpele Kẹta, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, kò fàyè gba kọ́bọ̀ kan fún ọmọ nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ sì lé ní 400. Nínú owó tó ń wọlé fún NCAA lọ́dún, ìdá 4.37 nínú ọgọ́rùn-ún ni Ìpele Kejì ń gbà, Ìpele Kẹta ń gba 3.18. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ìdíje àṣekágbá. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń ra bọ́ọ̀lù tàbí sanwó bọ́ọ̀sì fún ikọ̀ ọmọ yín.

Níbo wá ni owó ti ń wá? Ẹ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tó ní akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,200. Tíkẹ́ẹ̀tì kò mú nǹkan gidi wọlé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ pápá. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ló gbé ilé náà ró, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó sì ni agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ló ń náwó lé ọmọ àwọn lórí. Ní Ìpele Kẹta, ọmọ yín gan-an ni orísun owó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Àpẹẹrẹ ni, mo fi nọ́ńbà tó rọrùn ṣe é. Owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé jẹ́ dọ́là 40,000. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni, ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ọmọ ọdún kìíní ti kọjá ìdajì owó orí ìwé ní ìpíndọ́gba, nítorí náà ká ní wọ́n yọ 24,000. Ó ku 16,000. Ẹ fi 12,000 kún un fún yàrá àti oúnjẹ. Ọmọ kan mú dọ́là 28,000 wá lọ́dún, ọmọ 32 mú 896,000 wá. Bí owó oṣù akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ti igbákejì rẹ̀, bọ́ọ̀sì, rẹfirí, aṣọ àti oúnjẹ ojú ọ̀nà bá jẹ́ 200,000 lápapọ̀, inú ẹni tó ń mójú tó àpò ilé-ẹ̀kọ́ á dùn. Kó má dùn jù o. Oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ ní iye tirẹ̀, olùkọ́ ń gba owó oṣù, àwọn kan nínú àwọn 32 yẹn ì bá sì wá bí kò tiẹ̀ sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Iye àwọn tó wá nítorí bọ́ọ̀lù nìkan ni èrè bọ́ọ̀lù. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ka gbogbo wọn mọ́ èrè náà ń tan ara rẹ̀ jẹ, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni yóò sì ru ẹrù ẹ̀tàn náà.

Bó ṣe ń rù ú nìyí. Wọ́n á fún un ní iye: mú ọmọ tuntun 12 wá lọ́dún yìí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, iye akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sílẹ̀, wọ́n ní kó di 16. Láìpẹ́, orúkọ tó wà nínú ìwé ikọ̀ ti di 45. Mọ́kànlá ló ń bẹ̀rẹ̀ eré, bọ́ọ̀sì kan ò sì lè kó gbogbo wọn pẹ̀lú ẹrù wọn. Àwọn tó kù nílò ikọ̀ kejì tó ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tirẹ̀, rẹfirí tirẹ̀, àti igbákejì tó lè dúró tì wọ́n. Bí wọn ò bá fi owó ikọ̀ kejì sínú ìṣúná, ọmọ ọdún kìíní á máa ṣe ìdánrawò láti August títí di November láìwọ pápá. Oṣù Karùn-ún tó bá dé, á kẹ́rù ẹ̀ lọ sílé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á wá máa mú ọmọ 16 wá kí 8 tó dúró. Àìsàn yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń lé àwọn tí ikọ̀ wọn ń borí pàápàá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ikọ̀ kan ní àlàáfíà, ẹ fi iye àwọn ọmọ ọdún kìíní wé iye àwọn ọmọ ọdún kẹrin. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 18 tí ti ìkejì sì jẹ́ 4, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ìpele Kejì ní ìṣòro tirẹ̀. Òdiwọ̀n tó ga jù ni 9 yẹn, òfin ò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni kò fi owó sí i tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun gbọ́dọ̀ bi adarí eré ìdárayá kó tó fọwọ́ sí ìwé ni pé: ṣé iye ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lẹ ń fún mi, àbí iye dọ́là? Ó jọra létí, kò jọra lọ́wọ́. Ká ní dọ́là 120,000 ni wọ́n fún un, tí ọdún kan ní ilé-ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ 30,000. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 4 nìyẹn. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ń fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 33,750, dọ́là 120,000 kan náà kò sì ra ju 3.56 lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni ò gé ìṣúná rẹ̀, síbẹ̀ ó ti pàdánù nǹkan bí ìdajì agbábọ́ọ̀lù kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ọmọ tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn tàbí òkèèrè wá ń san ju ọmọ ìpínlẹ̀ náà lọ, nítorí náà òun ló ń tètè jẹ owó tán, àfi bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní ètò tó ń dín ìyàtọ̀ náà kù. Ìdí nìyí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì tí ìṣúná wọn dọ́gba lórí ìwé fi lè ní ikọ̀ tí agbára wọn jìnnà síra.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìyípadà akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wò ni oṣù tó ṣẹlẹ̀. Sáà bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ń parí lóṣù Kọkànlá, àṣekágbá Ìpele Kẹta sì máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ń ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn kan náà ni ìwé ìgbàwọlé ń rìn. Ẹni tó ṣèlérí pé ibẹ̀ nìkan lòun yóò lọ ti fi ìwé sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín oṣù Kọkànlá. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tún ń ṣí ìlẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ January. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń san owó ìdúró, ìyẹn owó tó ń di àyè ọmọ mú. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá lọ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ ìpolówó iṣẹ́, tí ìgbìmọ̀ jókòó, tí wọ́n pe ẹni mẹ́ta wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì, February ni ẹni tuntun yóò dé. Kò sí ẹni tó pe àwọn ọmọ tó ń ronú láti January. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ti pè wọ́n.

Èyí tó lọ ní May tàbí June ní wàhálà mìíràn. Àwọn ọmọ ti sanwó ìdúró, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ san án. Àwọn kan á yọ́ kúrò kí August tó dé. Nínú ìṣirò wa, ọmọ 8 tó bá lọ gbé dọ́là 224,000 lọ lọ́dún kan. Ìdí nìyí tó fi máa ń yà mí lẹ́nu bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá fi oṣù mẹ́ta wá akọ́nimọ̀ọ́gbá nítorí kó lè fi owó oṣù díẹ̀ pamọ́. Owó tó ń jò pọ̀ ju èyí tó fi pamọ́ lọ.

Iṣẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe lórí pápá rárá. Kí wákàtí 48 tó pé, kí ẹni tuntun tàbí adelé ti bá gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó kù sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan fún gbogbo ikọ̀ kò tó. Lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé, kó gba orúkọ gbogbo ọmọ tó kọ bọ́ọ̀lù sínú ìwé rẹ̀, kó sì mọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan dé. Àwọn nǹkan tó ń bàjẹ́ níbí kéré lójú, wọ́n sì ń dunni. Àkáǹtì fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àti àkójọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń wá wà lórúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá àná, lórí ímeèlì ara rẹ̀. Ó ti lọ, ọ̀rọ̀ ìwọlé ti bá a lọ. Àdéhùn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ wà lẹ́nu nìkan, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí i, ikọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá gbá sì ti rí ẹlòmíràn bá gbá. Aṣọ tuntun tó yẹ kí wọ́n ti béèrè láti March ni wọ́n béèrè lóṣù Keje, sáà bẹ̀rẹ̀, ọmọ ń wọ jẹ́sì àtijọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ti ń bó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù ìgbà ẹ̀rùn, èyí tí wọ́n ń pè ní káàǹpù, nítorí pé àwọn èèyàn kì í bèèrè nípa rẹ̀. Ní ibòmíràn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni káàǹpù náà, owó rẹ̀ sì ń wọ àpò ikọ̀. Ní ibòmíràn, ilé-iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ ni, ó kàn ń háyà pápá lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Owó káàǹpù yìí ni ọ̀pọ̀ igbákejì fi ń jẹun, nítorí pé owó oṣù tí ilé-ẹ̀kọ́ ń san fún wọn kò tó gbọ́ bùkátà. Bí káàǹpù bá jẹ́ ti ọ̀gá, ọjọ́ tó lọ ló gbé e lọ. Igbákejì náà á wá iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mélòó kan, ikọ̀ á sì pàdánù ẹni kan ṣoṣo tó mọ gbogbo àwọn ọmọ lórúkọ. Àwọn adarí máa ń rò pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ló lọ. Gbogbo ilé ló lọ.

Owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fún ikọ̀ lówó fún ìrìnàjò kan pàtó ti dè é mọ́ ibẹ̀. Ẹni tuntun ò lè fi ra bọ́ọ̀lù. Èyí tó dára jù ni owó ìpìlẹ̀, tí wọn kì í fọwọ́ kan ojú owó, èrè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ná. Bí wọ́n bá ń ná ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún, dọ́là mílíọ̀nù kan ń mú 45,000 wá lọ́dọọdún, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ bí kò lọ. Ìpínnu ẹnu tí olówó kan ṣe fún akọ́nimọ̀ọ́gbá nítorí ọ̀rẹ́, ó ṣòro kó dúró. Ẹ rántí Title IX pẹ̀lú, òfin ọdún 1972 tó ní kí wọ́n má ṣe ojúsàájú láàárín ọkùnrin àti obìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́: bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ló fowó wọn sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ọkùnrin, ojúṣe ilé-ẹ̀kọ́ ni pé àǹfààní tí àwọn obìnrin ń rí lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ rẹ̀yìn. Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀sì fún ọkùnrin láìbá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ibi tí ìyípadà ti yọrí sí rere wà. Ilé-ẹ̀kọ́ Messiah ní Pennsylvania ni ó yẹ kí gbogbo adarí lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Dave Brandt, tó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí, gba ikọ̀ lọ́wọ́ Layton Shoemaker lọ́dún 1997. Ó gba ife Ìpele Kẹta ní 2000, 2002, 2004, 2005, 2006 àti 2008, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun ojú omi, Navy. Wọn ò wá àjèjì lọ. Brad McCarty tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀, ó gba ife lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, 2009, ó tún gbà á ní 2010, 2012, 2013 àti 2017. Ife 11 lábẹ́ ẹni méjì. Kò sí owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀. Ohun tó dúró ni pé igbákejì wà nílẹ̀ tó mọ àwọn ọmọ, tó mọ ọ́fíìsì ìgbàwọlé, tó sì ti ń fi sùúrù ṣiṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀. Nínú ìṣúná kékeré, owó oṣù igbákejì ni mo máa kọ́kọ́ dáàbò bò, kí n tó ra ẹ̀rọ kankan.

University of Chicago kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, ṣùgbọ́n Ìpele Kẹta ló wà. Julianne Sitch dé ibẹ̀ lọ́dún 2022, nínú sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ikọ̀ náà borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22, wọ́n ta ọ̀mì kan, wọn ò pàdánù ọ̀kankan, wọ́n sì na Williams 2-0 nínú àṣekágbá. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó darí ikọ̀ bọ́ọ̀lù ọkùnrin gba ife NCAA. Iṣẹ́ ńlá ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ni. Ohun tó yẹ kí òbí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ìpìlẹ̀ owó rẹ̀ le, tí ikọ̀ rẹ̀ kún, lè pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá kó má mì.

Àwọn mìíràn ò ní ìpìlẹ̀ yẹn. Finlandia ní Michigan ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2023. Ní 2024, Cabrini ní Pennsylvania, Wells ní New York àti Birmingham-Southern ní Alabama tẹ̀ lé e. Wells kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin pé àwọn ò ní ṣí mọ́ lẹ́yìn sáà ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ ro ọmọ tó ti kọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nítorí akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Amẹ́ríkà ń dín kù láti ìgbà tí iye wọn ga jù ní 2007, àwọn ọmọ ọdún yẹn sì ti ń pé ọdún 18, nítorí náà ìjà fún akẹ́kọ̀ọ́ máa le sí i. Láti òkè náà, ìyanjú ẹjọ́ House, ẹjọ́ tí àwọn eléré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì pe NCAA lórí owó, tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí ní June 2025 fi òdiwọ̀n 28 sí iye ọmọ tí ikọ̀ bọ́ọ̀lù ọkùnrin lè ní, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìpele Kìíní tó bá wọ inú rẹ̀. Àwọn tí kò ráyè níbẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ kí ẹ tó sanwó? Ìwé kan wà tí òfin fi dandan lé, EADA ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń ṣe eré ìdárayá, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lọ́dọọdún, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ wo bọ́ọ̀lù ọkùnrin, ẹ sì kọ nọ́ńbà ọdún márùn-ún sílẹ̀, kì í ṣe ọdún kan. Ẹ wo iye agbábọ́ọ̀lù. Ẹ wo owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ìyẹn ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, aṣọ, ohun èlò àti rẹfirí, kí ẹ sì pín in sí iye agbábọ́ọ̀lù. Bí iye ọmọ bá ń gòkè tí owó orí kọ̀ọ̀kan ń sọ̀, wọ́n ń fi ikọ̀ kún yàrá ni. Ẹ má gbọ́kàn lé ìlà owó tó wọlé: ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi owó tiwọn dí àlàfo ibẹ̀ kí ó lè bá ìnáwó dọ́gba, kò túmọ̀ sí pé ikọ̀ ń pawó.

Kí ẹ sì ka ìwé owó ọmọ yín fínnífínní. Ní Ìpele Kẹta, ẹ̀dínwó rẹ̀ kò so mọ́ bọ́ọ̀lù. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ, bí ọmọ tiẹ̀ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ṣì wà níwọ̀n ìgbà tí máàkì rẹ̀ bá pé iye tí wọ́n béèrè. Ìwé tí ọmọ máa ń fọwọ́ sí níwájú kámẹ́rà níbẹ̀ jẹ́ ìwé ayẹyẹ, kò de ẹnikẹ́ni. Ní Ìpele Kejì, bí owó bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ti ọdún kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun lè pinnu láti má tún un ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún ọmọ kó tó kọjá ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọmọ sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nínú ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tó ti òkèèrè wá kò lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù FAFSA béèrè, nítorí náà ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ sílẹ̀ fún un ni gbogbo ohun tó ní.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wo ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bi akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ojúkojú: ọmọ mélòó ni wọ́n ní kó mú wá lọ́dún yìí, mélòó ló sì mú wá lọ́dún tó kọjá? Ṣé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ti igbákejì rẹ, àbí ti wákàtí díẹ̀? Ikọ̀ kejì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó? Ta ló ni káàǹpù? Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́, ẹ bi wọ́n pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó tó wà nínú ìwé ọmọ yìí bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá lọ lóṣù Kejìlá, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí yín lórí ímeèlì kí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún tó dé.